Ní Mítà 68: Ikú Nicholas Mevoli ní Dean's Blue Hole

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Ọkùnrin ẹni ọdún 32 kan ń wẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí wọ́n ta sínú ihò omi kan ní erékùṣù Long Island, ní orílẹ̀-èdè Bahamas. Kò gbé agolo afẹ́fẹ́ pọ̀n, kò wọ bàtà rọ́bà ìlúwẹ̀ẹ́, kò sì fọwọ́ fa okùn náà. Èémí kan ṣoṣo tó fà sínú lójú omi ni gbogbo ohun tó ní. Mítà 72 ló sọ pé òun máa dé. Nígbà tó dé mítà 68, ó dúró, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ yí padà sókè. Àwọn tó wà lókè ń fi ẹ̀rọ tọpa rẹ̀, wọ́n ti rò pé ó ń bọ̀. Àfi bó ṣe tún kọrí sí ìsàlẹ̀.

Mítà mẹ́rin péré ló kù. Èmi tí mò ń kọ èyí, Florida ni mò ń gbé, mo sì máa ń mú ọ̀kọ̀ wọnú omi lọ wá ẹja láìgbé afẹ́fẹ́ dání. Kò sí ọdún tí mi ò ní padà sórí ọ̀rọ̀ mítà mẹ́rin yìí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbọ́ ìtàn náà ló rò pé èémí ló tán nínú ọkùnrin yìí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èémí rẹ̀ gbé e dé ìsàlẹ̀, ó sì gbé e padà sókè. Ohun tó pa á ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, ó sì ti fara hàn. Ẹ̀jẹ̀ ni.

Nicholas Mevoli lorúkọ rẹ̀. Florida níbí ló dàgbà sí, ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ló sì ti kọ́ bí a ṣe ń mòòkùn tí a sì ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja, ní Florida Keys, àwọn erékùṣù kéékèèké tó tò bí ìlẹ̀kẹ̀ ní ìpẹ̀kun gúúsù ìpínlẹ̀ wa. Nígbà tó kú, Brooklyn ní New York ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa pèsè àwọn ohun èlò tí àwọn òṣèré ń lò nínú eré tẹlifíṣọ̀n. Ọdún 2012 ló kọ́kọ́ díje nínú ìmòòkùn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Honduras, ó di ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó fi agbára ara rẹ̀ wẹ̀ dé mítà 100 lórí èémí kan, tó sì tún wẹ̀ padà sókè.

Ó yá jù. Mi ò sọ ọ́ láti bú u, ẹ̀bùn tó ní kò wọ́pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé Jacques Mayol, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó dé mítà 60 ní 1966 (ní Bahamas yìí kan náà), tí kò sì dé 100 títí di 1976, ní Elba ní ilẹ̀ Ítálì, nígbà tó ti di ẹni ọdún 49. Òun tilẹ̀ di ohun tó wúwo mú tó fà á lọ sísàlẹ̀ ni. Ọdún mẹ́wàá fún mítà 40! Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ ló ń di ọṣẹ. Ẹfọ́nhà, iṣan ìsàlẹ̀ àyà, gbogbo ẹran tó wà láàárín wọn, ó ń gba àkókò kí wọ́n tó rọ̀, kí wọ́n tó lè gba kí omi fún wọn pọ̀ láìya. Ọkàn èèyàn lè múra tán ní oṣù mẹ́fà. Àyà kì í bá ọkàn sáré.

Dean's Blue Hole jẹ́ ibi tó ń dẹ́rù bani, síbẹ̀ tó ń fani mọ́ra. Etíkun kékeré ni, iyanrìn rẹ̀ funfun, àpáta sì yí i ká. Èèyàn á máa rìn nínú omi tí kò ju orúnkún lọ. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí i, ilẹ̀ ti tán, omi tó mọ́ gaara á di aró, aró á di dúdú. Mítà 202 ló jìn. Omi òkun ni, iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú, ìṣàn kì í sì í gbé èèyàn lọ níbẹ̀ bó ṣe ń ṣe lójú agbami. Ìdí nìyẹn tí William Trubridge, ọmọ New Zealand, fi fi ibẹ̀ ṣe ojúkò ìdíje Vertical Blue tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Nígbà náà, Trubridge yìí ló tún ni góńgó àgbáyé, ìyẹn ibi tó jìn jù tí ẹnikẹ́ni tíì dé, nínú ẹ̀ka tí Mevoli wọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀ka aláìlo-bàtà: mítà 101, tó dé ní 2010. Mítà 72 tí Mevoli ń wá kì í ṣe ti àgbáyé. Góńgó orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló fẹ́ gbà.

(Àwọn ará Bahamas fúnra wọn ń gún ẹja dáadáa, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wọn kò gba ìbọn ọ̀kọ̀. Ọ̀kọ̀ onírọ́bà tí a ń fi ọwọ́ fà bíi kànnàkànnà ló gbà, kò sì gba kí ọdẹ mí láti inú agolo. Mo fẹ́ràn òfin yìí gan-an. Ó ń fún ẹja láyè, ó sì ń mú kí ọdẹ mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.)

Nínú gbogbo ẹ̀ka ìmòòkùn, aláìlo-bàtà ló le jù. Apá àti ẹsẹ̀ lásán ni, bí ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ń wẹ̀. Ní mítà mẹ́wàá àkọ́kọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara ń fẹ́ léfòó, ipá lèèyàn fi ń bọ́ sísàlẹ̀. Tó bá yá, omi á ti fún afẹ́fẹ́ inú àyà pọ̀, ara á wúwo, á bẹ̀rẹ̀ sí í rì fúnra rẹ̀. Adùn tó wà níbẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ: kò sí ìró, kò sí iṣẹ́, ìwọ àti òkùnkùn rírọ̀ kan tó ń gbé ọ lọ. Àmọ́ gbèsè ni. Gbogbo mítà tí omi gbé ọ lọ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ò ń lọ, apá rẹ ló máa san án padà nígbà tí o bá ń bọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 15, Mevoli ti kọ́kọ́ wọ ẹ̀ka mìíràn, èyí tí a ti ń fọwọ́ fa okùn lọ sísàlẹ̀ tí a tún ń fà á bọ̀. Ó lé ní 90 mítà tó fẹ́ dé. Ní nǹkan bíi 80 ó padà. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi nígbà tó jáde, ẹ̀jẹ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà láàárín ìyẹn àti ìgbà tó tún wọ omi.

Kí ẹni tí kò bá wa ṣe eré yìí má baà rò pé àṣírí kan ni, mo gbọ́dọ̀ sọ bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Àwọn òmùwẹ̀ ìdíje ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ inú itọ́ bí agbábọ́ọ̀lù ṣe ń sọ̀rọ̀ ọrùn ẹsẹ̀ tó yẹ̀. Wọ́n á tu ú dànù, wọ́n á fi omi yọ ẹnu, wọ́n á sinmi lọ́jọ́ kan, wọ́n á padà. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é, tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ohun tó bá sì ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo èèyàn, kì í pẹ́ tí ojú fi ń mọ́ ọn lára, tí a ó sì máa pè é ní ohun kékeré. Nítorí náà mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé agídí Mevoli nìkan ló pa á. Agídí rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú agbo kan ló ti kọ́ ọ pé ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe nǹkan.

Òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó kú, pé iye mítà ti ran òun lórí bí àrùn, pé ìfẹ́ láti dé ibẹ̀ ti gba òun lọ́kàn pátá, pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sì lè pa èèyàn. Ó mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí pé ó mọ̀, ọkàn mi máa ń bàjẹ́ ju bó ṣe máa rí ká ní ó jẹ́ aláìmọ̀kan lọ.

Bí ìdíje ṣe ń lọ nìyí. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni olúkúlùkù ń kọ iye mítà tó fẹ́ dé sílẹ̀. Wọ́n á so àwo pẹrẹsẹ kan mọ́ okùn ní ibi tí iye yẹn mọ gan-an, àmì kékeré á wà níbẹ̀ tí òmùwẹ̀ máa já wá. Bí ó bá padà láìdé ibẹ̀, wọn ò ní lé e kúrò. Káàdì yẹ́lò ni wọ́n á fún un, wọ́n á sì yọ máàkì díẹ̀. Nígbà tó bá jáde, ìṣẹ́jú àáyá 15 ló ní: kó bọ́ awò ojú rẹ̀, kó fi ìka ṣe àmì pé kò séwu, kó sì fi ẹnu sọ fún adájọ́ pé ara òun dá. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ara wọn bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá ti fẹ́ dákú kò lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta létòlétò.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú àáyá 38 ni Mevoli lò lábẹ́ omi. Ó jáde fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fà á. Ó bọ́ awò ojú. Ó ṣe àmì. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ dà rú mọ́ ọn lẹ́nu. Kò pẹ́ tí ó fi yẹ̀ sẹ́yìn, tí kò mọ nǹkan kan mọ́. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ gbé e sórí pèpéle tó léfòó níbẹ̀, dókítà ìdíje sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan àbọ̀ tí wọ́n fi ń bá ikú jà lórí rẹ̀, látorí omi títí dé ilé ìwòsàn erékùṣù náà. Aago kan ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú 44 ni wọ́n sọ pé ó ti kú. AIDA, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ìmòòkùn láti 1992, sọ pé ó jọ pé jíjìn omi ló ṣe ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ léṣe. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kú nínú ìdíje wọn.

Ohun tí omi ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró ni kí n wá ṣàlàyé. Afẹ́fẹ́ ayé ń tẹ gbogbo wa ní ìwọ̀n kan bí a ṣe jókòó yìí. Gbogbo mítà mẹ́wàá omi òkun ń fi ìwọ̀n kan kún un. Ní mítà 10 ó di méjì, ní 30 ó di mẹ́rin, ní 72 ó lé díẹ̀ ní mẹ́jọ. Ẹni tó fa lítà 6 afẹ́fẹ́ sínú lójú omi, nígbà tó bá dé 72, afẹ́fẹ́ yẹn kan náà kò ní kún ìgò onílítà kan mọ́. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ló máa gbà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí èèyàn bá mí jáde títí tí kò fi lè mí jáde mọ́, lítà kan ó lé díẹ̀ ṣì máa ń ṣẹ́ kù tí egungun àyà kò lè fún jáde. Kí ló wá ń dí àlàfo náà?

Ìbéèrè yìí ló mú kí àwọn onímọ̀ kan sọ fún Raimondo Bucher, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ní 1949 pé bó bá mòòkùn dé mítà 30 yóò kú. Ó dé ibẹ̀, kò kú. Ara ní ọgbọ́n kan tí wọn ò tíì mọ̀ nígbà náà. Bí ojú bá ti kan omi tí èémí sì dúró, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, iṣan apá àti ẹsẹ̀ á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wá sínú àyà, á wú àwọn iṣan tó yí ẹ̀dọ̀fóró ká, á sì gba àyè tí afẹ́fẹ́ fi sílẹ̀. Omi kì í fún ẹ̀jẹ̀ pọ̀ bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ni òpó tó gbé àyà dúró nísàlẹ̀ omi. Mo mọ èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ ẹnu ṣì máa ń yà mí.

Ṣùgbọ́n awọ tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró fẹ́lẹ́ débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ó gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn kò ní lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wú iṣan jù, tí òfìfo inú àyà sì tún ń fà á láti òdìkejì, awọ náà á ya. Omi ara àti ẹ̀jẹ̀ á jò sí ibi tó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà. Ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ tí òmùwẹ̀ ń tu jáde. Àwọn ohun tó ń mú kó tètè ya kò fara pa mọ́: kí èèyàn na apá tàbí ọrùn lójijì nísàlẹ̀, kó yí ẹ̀gbẹ́ pọ̀, kí iṣan ìsàlẹ̀ àyà máa fà á gìrì torí pé ara ń béèrè fún èémí, kí òtútù mú un, kí ẹ̀rù bà á tí ara rẹ̀ sì le. Èyí tó burú jù nínú wọn ni kí awọ náà ti ya tẹ́lẹ̀ kó má sì tíì san.

Ẹ wá fi ìmọ̀ yìí wo mítà 68. Ọkùnrin tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti jò lọ́jọ́ Ẹtì dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ohun kan sọ fún un pé kó padà. Ó lè jẹ́ etí rẹ̀, ó lè jẹ́ àyà rẹ̀, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó dúró, ó yí ara, èyí tó ń fún àyà pọ̀ tó sì ń gba èémí. Lẹ́yìn náà ó tún yí ara padà, ó lọ. Bó bá gòkè láti 68, káàdì yẹ́lò ni. Mi ò lè búra pé kò ní kú. Ọgbẹ́ ti wà lára rẹ̀ kó tó wọ omi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìdúró yẹn, iye tó kọ sílẹ̀ lálẹ́ sì borí méjèèjì.

Àwa ọdẹ ẹja ní ẹ̀rù tiwa, ó sì yàtọ̀ sí èyí. Dídákú ni à ń bẹ̀rù. Ẹni tó bá mí gùdùgùdù kó tó wọlẹ̀ ti lé afẹ́fẹ́ kábọ́nì tó ń jẹ́ kí àyà béèrè èémí jáde, kò ní mọ̀ pé ọ́síjìn òun ti ń tán. Bó bá wá ń gòkè, bí omi ṣe ń dẹwọ́ lórí àyà rẹ̀, ọ́síjìn tó kù á tún lọ sílẹ̀ lójijì, á dákú ní mítà díẹ̀ sí ojú omi tàbí lẹ́yìn tó ti jáde. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ ní méjìméjì: ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, ẹni tó wà lókè kò sì gbọ́dọ̀ gbójú kúrò títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá á fi kọjá lẹ́yìn tí ẹnì kejì ti mí. Òfin yìí ń gba ẹ̀mí là lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti Mevoli: olùṣọ́ wà, dókítà wà, ọ́síjìn wà, okùn wà, ọ̀sán gangan ni, omi mọ́ gaara. Gbogbo ohun tí àwa máa ń sọ pé bó bá wà a ó yè, ó wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè rán ẹ̀dọ̀fóró tó ti ya. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, ọ̀pọ̀ sì ń fi òwe náà bú ẹni tó mọ omi wẹ̀ pé ìgbéraga ló pa á. Èmi gbọ́ ọ báyìí: òmùwẹ̀ nìkan ló lè dé ibi tí irú ewu yìí wà.

Ó kàn mí, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe èmi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mítà tèmi kò tó ìdajì tirẹ̀. Ọdún náà, inú àwọn ìsun omi àríwá Florida ni mo ti ń ṣe ìdánrawò. Omi aládùn ni wọ́n, wọ́n mọ́ bíi gíláàsì, wọn kì í gbóná kì í tutù ju nǹkan bíi 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ́jọ́kọ́jọ́. Òfin kò gbà kí a gún ẹja níbẹ̀, nítorí náà ìmòòkùn lásán ni à ń ṣe. Omi aládùn kì í gbé èèyàn bí omi iyọ̀. Ẹni tó wọn kílò 80 gbọ́dọ̀ yọ nǹkan bíi kílò méjì kúrò lára òjé ìgbànú tó fi ń rì bó bá kúrò ní òkun wá sí ìsun. Ẹni tó bá gbàgbé yóò rì kíákíá, yóò sì jìyà kó tó gòkè. Mo mọ ìyẹn, mo sì ń ṣọ́ ọ. Ohun tí mi ò ṣọ́ ni pé ìsun tí mò ń lọ ti mú kí ara tù mí jù. Kò sí ìgbì, kò sí ìṣàn, kò sí ẹja tó ń sá fún mi. Mo dé mítà tí mo fẹ́ dé níbẹ̀ láìṣe wàhálà, mo wá rò pé mítà ni mítà, pé ibi tí mo dé nínú ìsun náà ni mo lè dé ní Keys.

Ìṣàn le ní Keys lọ́jọ́ tí a lọ. Mo ti fi ẹsẹ̀ jà kí n tó wọlẹ̀, àyà mi ti le. Mo rí ẹja kan nísàlẹ̀ àpáta, ó wọ ihò, mo na apá mi tán pẹ̀lú ọ̀kọ̀, mo yí ọrùn láti wò ó. Nǹkan kan fà mí ní àyà. Mo gòkè, mo mí, kò sí ìdákú, kò sí ìrora. Ikọ́ díẹ̀ ni. Mo tutọ́, itọ́ náà pọ́n díẹ̀ bí omi zobo tí wọ́n bù là.

Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń lọ rí i. Àgbà ni, ó ti ń gún ẹja kí n tó dé Amẹ́ríkà.

"Kí lo tu jáde yẹn?"

"Kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n. Bóyá imú mi ló ń ṣẹ̀jẹ̀."

"Tún tu ú. Síbí, sórí ìdérí kúlà, kí n rí i."

Mo tu ú. Orí ìdérí funfun, kò sí bí mo ṣe lè purọ́ mọ́.

"Bọ́ òjé rẹ," ó ní. "A ń lọ sílé."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹja yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Mo ní kí o bọ́ ọ." Kò pariwo. Ó ti ń fa ìdákọ̀ró.

Lójú ọ̀nà ló sọ ìtàn Mevoli fún mi, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ nìyẹn. Dókítà tí mo rí lọ́jọ́ kejì fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà mi, ó ní kí n má wọ omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ara mi ti dá bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe mí rí. Ìyẹn ni mo fi mọ bó ṣe rọrùn tó fún ẹni tó ní ìdíje lọ́túnla láti sọ pé ara òun ti yá. Ẹ̀dọ̀fóró tó ya kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni. Ẹsẹ̀ tó dá á pariwo. Àyà tó jò á dákẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ kan, á jẹ́ kó o gòkè àtẹ̀gùn, kó o sùn, kó o rẹ́rìn-ín.

Ikú rẹ̀ mú kí ọ̀rọ̀ yí padà láàárín àwọn òmùwẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú itọ́ kò jẹ́ ohun tí a ń fi ọwọ́ nù ẹnu lé lórí mọ́ láti ìgbà náà. Dókítà ìdíje lè sọ fún ẹni tó bá rí àmì rẹ̀ lára rẹ̀ pé kó má wọ omi, àwọn olùkọ́ sì ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ pé ọ̀sẹ̀ ni ìsinmi rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́. Kò tíì tó, lójú tèmi. Ìdíje ní dókítà. Àwa tó ń lọ ní méjì nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré láàárọ̀ Àbámẹ́ta, kò sí ẹni tó ń yẹ̀ wá wò, ẹja tó wọ ihò kì í sì í kọ iye mítà sílẹ̀ fún wa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n ṣì jọ ń lọ. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹnì kan nínú wa bá jìn ju mítà 20 lọ, kó tó bu omi mu, á kọ́kọ́ tutọ́ sórí ìdérí kúlà funfun yẹn. Ẹnì kejì á bẹ̀rẹ̀, á wò ó dáadáa nínú oòrùn. Bó bá mọ́, á bu omi òkun dà sí i, ẹni tó kàn á sì wọlẹ̀.